Àjẹsílẹ̀ Gbèsè àti Mọ́tò Ìdílé: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú?

Òwe kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀: "Àjẹsílẹ̀ gbèsè tí kò jẹ́ kí ẹgbẹ̀fà tó ná." Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ìwé òde òní ni ó lè pa òwe náà láìmọ iye tí ẹgbẹ̀fà jẹ́. Igba owó ẹyọ lọ́nà mẹ́fà ni, èyí tí í ṣe 1,200. Ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe àpò owó ẹyọ kan, jẹ́ 20,000. Nítorí náà, ẹgbẹ̀fà kì í ṣe ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó tí a ń jù nù. Owó tí ènìyàn lè gbé lọ sí ọjà kí ó sì fi ra ohun kan tí ó wù ú ni. Òwe náà kò wí pé owó kò sí. Ohun tí ó ń wí ni pé owó wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó mú un dání tó dé ọjà, ẹlòmíràn ti ní ìpín nínú rẹ̀.

Lóde òní, mọ́tò ni a bá máa fi pa òwe náà. Lẹ́yìn ilé tí ènìyàn fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ́, kò sí ohun tí ọkàn òṣìṣẹ́ oṣù, olùkọ́ àti oníṣòwò kékeré ń fà sí tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kò sì sí ohun tí ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin tọkọtaya tó kí owó èsúsú kanni nígbà tí gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀kan yóò ní gbèsè ni kí a san. Èkejì yóò ní mọ́tò ni kí a rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó, nítorí pé owó tí ó bá jáde lọ́wọ́ lónìí kò dájú pé yóò tún padà wọlé lọ́la. Ojú ìṣirò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ọ̀ràn náà. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí gbèsè jẹ́ nínú àṣà Yorùbá yóò mọ̀ pé ìṣirò ni ó rọrùn jù nínú rẹ̀.

GBÈSÈ LÁYÉ ÀTIJỌ́

Yorùbá kò ka gbèsè sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìnáwó òkú, ìgbéyàwó, owó ìtanràn, àìsàn tàbí oko tí kò so dáadáa lè sọ ẹnikẹ́ni di onígbèsè, títí kan olóyè. Ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀gàn ni kí ènìyàn jẹ gbèsè kí ó má sì ní ètò kankan tí yóò fi san án. Ètò tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó yóò fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ bíbí inú ìlú ni, ó ní ilé, ó ní ẹbí, olówó kò sì gbọdọ̀ tà á. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe fún olówó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, tí yóò sì rí àyè lọ sí oko ti ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ti parí ti olówó. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé ọ̀ràn ìwọ̀fà ní kíkún. N. A. Fádípẹ̀ náà kọ nípa rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe ní 1939, èyí tí ó di ìwé ní 1970.

Kókó kan wà nínú ètò yìí tí ó yẹ kí olùkọ́ máa là yé akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ọ̀ràn tiwa lónìí wà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kò dín owó tí a yá kù rárá. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Bí ó sin olówó fún ọdún kan, bí ó sì sìn ín fún ọdún mẹ́wàá, iye tí a kà lé ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹbí yóò kà padà ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á sílẹ̀. Ẹbí tí ó bá ní ọmọ ní ìwọ̀fà, tí owó wá wọlé, tí wọ́n sì fi owó náà ra aṣọ sányán, ẹnu aráyé kò ní í kúrò lára wọn. Kì í ṣe pé aṣọ sányán burú. Ọmọ wọn ń bẹ lóko olóko ni.

Ìjọba amúnisìn gbógun ti àṣà ìwọ̀fà ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń san èlé lóṣooṣù lónìí lórí owó tí ojú rẹ̀ kò dín kù mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ bí ó bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tán.

Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, àwọn ará àtijọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Johnson ṣàpèjúwe ẹni kan tí wọ́n ń pè ní ológò, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dógò ti onígbèsè. Yóò wọ inú agbo ilé onígbèsè lọ pẹ̀lú àṣẹ àwọn àgbà ìlú, yóò sọ ohun tí ó bá wá fún gbogbo ènìyàn, yóò sì jókòó síbẹ̀. Adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí nínú agbo ilé ni yóò mú pa jẹ, ẹni yòówù kí ó ni ín. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí jinlẹ̀. Kò pẹ́ tí aládìẹ àti aléwúrẹ́ yóò fi di abẹnugan fún olówó, tí wọn yóò máa bi onígbèsè léèrè ìgbà tí yóò san gbèsè rẹ̀ kí ilé lè sinmi. Gbèsè ẹnì kan ti di gbèsè agbo ilé.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún kò ní ológò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹsẹ̀ àti sùúrù. Àwìn ni wọ́n ń tà. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, oníṣòwò náà yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà rẹ̀, yóò sì wí pé òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá, ó sì wá di orúkọ àpọ́nlé tí àwọn Ìjẹ̀ṣà fi ń yangàn títí di òní.

Ẹni tí ó bá rò pé ológò ti kú kí ó bi àwọn ọ̀dọ́ tí ó yá owó lórí fóònù léèrè. Nígbà tí ọjọ́ bá kọjá láìsan, àwọn ayánilówó kan láàrin wọn a máa fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fóònù onígbèsè: ọ̀gá níbi iṣẹ́, àna, àlùfáà, ọ̀rẹ́ ilé-ìwé. Ọ̀ràn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, FCCPC, fi gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù ní 2022. Ológò àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ wọlé láìgba àṣẹ àgbà ìlú. Ní ti èyí, ó dà bí ẹni pé ológò òde òní ti jẹ adìẹ tán kí àgbà ìlú tó gbọ́.

BÍ MỌ́TÒ ṢE DI OHUN ÌDÍLÉ

Orúkọ tí Yorùbá sọ mọ́tò kékeré fi bí wọ́n ṣe rí i hàn. Ọkọ̀ akẹ́rù ìgbà náà lọ́hùn-ún ni bọ̀lẹ̀kájà, nítorí ariwo àti ìjà tí ó wà nínú wíwọ̀ ọ́. Mọ́tò olówó ni ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá lójú títì. Ohun tí ọ̀kan ń ké tòò kí ó tó ṣe, èkejì ń yọ́ ṣe é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ayọ́kẹ́lẹ́ ti dúró fún ìgbé-ayé ẹni tí kò sí nínú ìtì.

Ọdún 1975 ni ìfẹ́ mọ́tò ràn ká Nàìjíríà bí iná ọyẹ́. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága fún ti dábàá ní 1974 pé kí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ìjọba gbà, ó sì san àjẹsílẹ̀ àfikún náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò rí iye owó bẹ́ẹ̀ rí lójú kan láyé rẹ̀ wá rí i. Alùpùpù, rédíò, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti mọ́tò ni owó náà bá lọ, iye owó ọjà gbogbo sì fò sókè, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò gba Údójì náà san nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Ọ̀jọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní ìjàpá, wá di mọ́tò olùkọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ipò rẹ̀ bá tó sì lè yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n máa yọ ọ́ lára owó oṣù rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó wà láyé nígbà náà ṣì ń rántí ìgbà tí tíṣà lè ra mọ́tò tuntun láìta ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ìgbà náà kò pẹ́. Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí ọjà máa dá iye lé náírà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, dọ́là tí kò tó ₦1 ní 1985 ti ju ₦3 lọ kí ọdún náà tó parí. Mọ́tò tuntun fò kọjá orí olùkọ́. Ohun tí ó kù ni èyí tí àwọn ará òkè òkun ti lò kí wọ́n tó kó o wá, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ gba ibùdókọ̀-òkun Kútọnu wọlé, títí ìjọba fi ka kíkó mọ́tò gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ léèwọ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní 2017. Yorùbá kò wá orúkọ jìnnà. Ọmọ tí a bí sókè òkun tí a gbé wálé ni wọ́n ń sọ ní Tòkunbọ̀. Wọ́n sì sọ mọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà bù ú kún. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti wà rẹ̀ dé bí ọmọ tí ilé ń retí.

Bí a sì ṣe ń kí ọmọ káàbọ̀ ni a ń kí mọ́tò. Awakọ̀ àtijọ́ a bọ Ògún. Lóde òní, pásítọ̀ yóò ta òróró sí i, ààfáà yóò sì gbàdúrà sí i, nígbà mìíràn àwọn méjèèjì, kí ẹ̀gbọ́n bàbá tó tún wá wúre tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò ní àwọn ń bọ̀ wá fọ mọ́tò náà, ẹni tí ó bá sì ti rí ìfọ-mọ́tò rí mọ̀ pé kì í ṣe omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ẹran àti ohun mímu ni. Ìnáwó yìí kì í sí nínú iye tí tọkọtaya jókòó ṣírò. Láti ọjọ́ náà lọ, mọ́tò ti kúrò ní ti ẹnì kan. Àǹtí tí ó fẹ́ lọ síbi òkú, àbúrò tí ó fẹ́ gbé ìyàwó, aládùúgbò tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, gbogbo wọn ni ó ní ẹ̀tọ́ kan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ fún wọn ti ra ẹ̀gàn pọ̀ mọ́ mọ́tò.

TỌKỌTAYA KAN, ỌWỌ́ OWÓ KAN

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dúró lójú sánmà, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo tọkọtaya kan ní apá Mọ́níyà, ní ẹ̀yìn Ìbàdàn. Olùkọ́ ni ọkọ, ìyàwó ń ta àǹkárá lọ́jà. Wọ́n bí ìbejì, wọ́n sì bí ọmọ mìíràn tẹ̀lé wọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Èsúsú ìyàwó kàn án, ó sì kó ₦3,000,000 wálé.

Gbèsè mẹ́ta wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, ₦500,000 tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlẹ́lèé nígbà tí ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí ilé-ìwòsàn. ₦10 lórí ₦100 ni èlé rẹ̀ lóṣù, tí ó fi jẹ́ pé ₦50,000 ni ó ń jáde lóṣooṣù tí ojú owó kò sì dín. Èkejì, ₦1,400,000 tí ó kù nínú owó tí ìyàwó yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ọjà, èyí tí wọn kò san níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn obìnrin ọjà méjì ni ó ṣe onígbọ̀wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ opó. Ẹ̀kẹta, ₦600,000 tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mú sílẹ̀ nígbà ìsìnkú bàbá wọn, tí kò gba èlé, tí kò sì dá ọjọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,500,000. Mẹkáníìkì àdúgbò sì ti rí mọ́tò kan, èyí tí wọ́n ti lò nílé níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹni tí ó ni ín fẹ́ gba ₦2,600,000 lé e.

Ọkọ ni ó fẹ́ mọ́tò, kì í sì í ṣe nítorí fáàrí.

"Ìyá Ìbejì, ọ̀kadà ni mo fi gbé ọmọ yẹn ní aago méjì òru lọ́jọ́sí. Mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo fi èkejì di ọlọ́kadà mú. Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́? Gbèsè kò lè gbé ọmọ lọ sí ọsibítù."

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ bẹ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kí ó fọwọ́ síwèé. Èmi ni. Ọjọ́ tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ọjà, tí wọ́n sì wá ń fa ìyẹn lẹ́sẹ̀ lórí gbèsè mi, ojú wo ni kí n fi wò ó?"

Kò sí òmùgọ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Ìbẹ̀rù òru ni ọkọ ń sọ, ìbẹ̀rù ojú ni ìyàwó ń sọ, òtítọ́ sì ni méjèèjì.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi mọ́tò náà léèrè ohun tí yóò máa jẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Bẹtiróòlù tí kò tó ₦200 fún lítà kan ní ilé-epo ìjọba kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí 2024 fi máa parí ó ti tó nǹkan bí ₦1,000. Bí olùkọ́ yìí bá ń wa kìlómítà 30 lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀, tí mọ́tò rẹ̀ sì ń jẹ lítà kan ní kìlómítà mẹ́wàá, lítà mẹ́ta ni lójúmọ́. Bí a bá fi ₦1,000 ṣe iye lítà kan, epo ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún yóò jẹ́ ₦66,000. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti oṣù Keje 2024 jẹ́ ₦70,000. A kò tí ì sọ ti táyà, ìwé ọkọ̀, ọ́ìlì, àti mẹkáníìkì tí ó bá wọn rí mọ́tò náà, ẹni tí yóò di ará ilé. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mọ́tò tí owó kò pa lọ́jọ́ tí a rà á yóò máa pa owó lẹ́yìn náà.

Èyí kò wá sọ ẹni tí ó ní kí a san gbogbo gbèsè lẹ́sẹ̀ kan náà di ẹni tí ó tọ̀nà pátápátá. Lẹ́yìn gbèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ₦500,000 ni yóò kù, òru yóò tún ṣú, ọmọ sì lè tún dùbúlẹ̀. Nígbà náà, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́lèé kan náà ni wọn yóò tún forí lé. Gbèsè kò dọ́gba, àṣà kò sì fi ojú kan náà wò wọ́n.

Èyí tí ó dà bí ìwọ̀fà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. ₦500,000 ti ẹlẹ́lèé náà ti sọ iṣẹ́ oṣù tọkọtaya yìí di èlé, bí oko olówó ti sọ òórọ̀ ìwọ̀fà di èlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, wọn yóò ti san ₦500,000 mìíràn, wọn yóò sì tún jẹ ₦500,000. Kò sí mọ́tò tí ó yẹ kí ó ṣáájú irú gbèsè bẹ́ẹ̀, àfi tí ó bá jẹ́ mọ́tò tí ń ṣiṣẹ́ owó. Àwọn kan ti fi mọ́tò ṣe kábúkábú ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sì fi san gbèsè tán. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó gbọ́dọ̀ wà níwájú kíláàsì ní aago mẹ́jọ kò lè fi ojú kékeré wo iṣẹ́ náà, ògbólógbòó mọ́tò kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Gbèsè ẹgbẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, èlé rẹ̀ kọ́ ni ìdí. Ọrùn ẹlòmíràn ni ó wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, bí ayáwó kò bá san, onígbọ̀wọ́ ni wọn yóò yíjú sí, nígbà mìíràn wọn a gbẹ́sẹ̀ lé owó tí òun náà fi pamọ́. Opó tí ó fọwọ́ síwèé nítorí ojúure ni yóò wá di aládìẹ tí ológò pa adìẹ rẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàafà. Ibi tí òwe yìí ti mú jù ni inú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá san tán lè tún yá, lọ́pọ̀ ìgbà ìlọ́po méjì ohun tí ó fi pamọ́. Ọ̀nà tí mọ́tò náà lè gbà dé láìsí ẹ̀gàn wà níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. William Bascom, ẹni tí ó kọ̀wé nípa èsúsú Yorùbá ní 1952, rí i pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni òpó rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ṣì ń pè é ní susu. Wọn kò gbé àpótí owó lọ, wọn kò gbé ìwé lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé náà ni wọ́n gbé lọ.

Lẹ́yìn méjèèjì, ₦1,100,000 ni ó kù, ₦50,000 tí ó ń bá èlé lọ lóṣooṣù sì ti di ti ilé. Ti òru ni kí a wá gbọ́. Ohun tí ọkọ ń fẹ́ gan-an kì í ṣe mọ́tò. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ọkọ̀ wà ní aago méjì òru. Ọ̀wẹ̀ àti àáró kò mọ sí oko nìkan. Onítakisí tí ń gbé ilé kẹta sí wọn wà, ilé rẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ ń sùn sí. Bí wọ́n bá lọ bá a ní ojúmọmọ, tí wọ́n bá a dá àdéhùn, tí wọ́n fi owó epo kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú, tí ìyàwó sì ń rántí ìyàwó rẹ̀ nígbà ọdún, ẹni tí yóò dìde ti wà. Iye tí èyí yóò ná wọn ní ọdún kan kò tó iye táyà mẹ́rin. Èyí tí àwọn ọkọ kì í fẹ́ gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ó gba kí ènìyàn bẹ aládùúgbò, kí aládùúgbò sì mọ̀ pé ọmọ ń ṣàìsàn.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rò pé gbèsè ẹbí lè dúró títí láé nítorí pé kò ní èlé, kò sì ní ìwé. Òótọ́ ni pé ó lè dúró, ṣùgbọ́n kì í dúró láìgbọ́. Ohun tí ń ba ọmọ ìyá jẹ́ lórí owó, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé àbúrò ra mọ́tò. Ó jẹ́ pé ẹnu ará àdúgbò ni ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ pé àbúrò ra mọ́tò. Olówó tí ó gbọ́ kí ó tó rí yàtọ̀ sí olówó tí ó rí kí ó tó gbọ́. Ti àkọ́kọ́ lè fún ni lọ́jọ́ sí i; ti èkejì yóò lóṣòó bí Ìjẹ̀ṣà aláṣọ, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Nítorí náà, tọkọtaya náà yóò mú ₦600,000 dání lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n, àwọn méjèèjì papọ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀, ìyàwó yóò kúnlẹ̀, wọn yóò gbé owó náà síwájú rẹ̀, wọn yóò sì sọ gbogbo bí ọ̀ràn ti rí fún un: ti ẹlẹ́lèé, ti Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ti ọmọ, ti mọ́tò tí wọn kò rà. Ó wọ́pọ̀ kí ẹ̀gbọ́n ka owó náà, kí ó mú ìdajì níbẹ̀, kí ó sì ti ìdajì padà, kí ó ní kí wọ́n fi tọ́jú ọmọ. Àwọn kan a sì gba gbogbo rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ohun tí kò ṣeé fò ni pé kí owó náà kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀.